Uyán Gan-an Loògùn: Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Àwọn Òbí Sọ ní Adó-Èkìtì

(Inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mo ti kọ ọ́. Mo gé àsọtúnsọ kúrò, mo fi àwàdà sílẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wá bá mi. Mo ti yí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ padà, torí Adó ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Dókítà, ulcer ló ń dà á láàmú, àmọ́ ó ń jẹun o. Mo máa ń rí abọ́ rẹ̀." Òótọ́ ni, abọ́ ló ń rí. Ọmọ yìí ló ń gún iyán ilé. Òun ló ń bù ú fún bàbá, fún àwọn àbúrò. Tó bá kan tirẹ̀, á bu ọbẹ̀ ilá ṣíbí kan sínú abọ́, á fi ìka fà á yí etí rẹ̀ ká, á ju ewé ẹ̀fọ́ méjì sí ìsàlẹ̀, á wá gbé e síbi tí ìyá máa ti rí i kó tó lọ fọ̀ ọ́. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ń ta gan-an, kádígàn ló wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 42 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́.

Anorexia nervosa lorúkọ rẹ̀, àìsàn tó ń mú èèyàn febi pa ara rẹ̀. William Gull, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1873. Lọ́dún yẹn náà ni Lasègue, dókítà ará Faransé, kọ tirẹ̀ ní Paris. Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni, pé ta ló rí jẹ débi tó máa kọ oúnjẹ. Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní ìlà kẹta, ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ti mọ ìtàn Fiji, erékùṣù tí àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n dé ibẹ̀ ní 1995, n kò ní tún un sọ. Ghana tí kò jìnnà sí wa ńkọ́? Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama níbẹ̀. Wọ́n rí àwọn kan láàárín wọn tó ń febi pa ara wọn. Ẹ̀rù àtisanra kọ́ ló ń bà wọ́n. Àwẹ̀ àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n pè é. Nílé tiwa, ta ni yóò bá ọmọ tó ń gbààwẹ̀ wí? Pásítọ̀ yóò tún pè é jáde kí àwọn yòókù lè wò ó ṣe àpẹẹrẹ ni.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Èmi ní ti ọmọ yìí, uyán gan-an loògùn. [Ẹ̀rín.] Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ká kọ́kọ́ wádìí: ta ló ṣẹ̀ ẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lọ́mọ ọdún méje? Ìbéèrè dáa. Àmọ́ ilé ń jó lọ́wọ́, ẹ̀ ń bi iná léèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, Ancel Keys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kó ọkùnrin 36 jọ ní Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ara wọn le, orí wọn pé, àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin tí kò bìkítà fún ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ wá ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka Bíbélì. Wọ́n ń fi oúnjẹ ṣeré lórí àwo kó má bàa tètè tán. Inú ń bí wọn, ojú wọn ń pọ́n, òtútù ń mú wọn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n lọ́mọ ọdún méje. Ebi ni. Nítorí náà, ọmọ tó ń gúnyán fún gbogbo ilé tí kò fẹnu kàn án kì í ṣe olóríkunkun. Ebi ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọpọlọ tí kò sì jẹun kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Ẹ bọ́ ọ ná.

Ọ̀nà tí wọ́n ṣe jáde ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni mo ń tọ̀: ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ, kẹ́ ẹ gbé e lé òbí lọ́wọ́. Ìyá á bù ú, bàbá á jókòó tì í títí abọ́ á fi mọ́. Tára bá ti ń bọ̀, wọ́n á máa dá a padà fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wá jẹ́ kí wọ́n fi Lọ́ńdọ̀nù yangàn sí wa o. Ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹbí aláìsàn máa bá a gbé nítòsí ilé ìwòsàn ní 1954? Lambo, dókítà ọpọlọ tiwa ni, ní ilé ìwòsàn Aro, l'Ábẹ́òkúta!

Ibí ni ìyá kan ti nàka sókè. Alága ní kó dúró dìgbà ìbéèrè, kò dúró.

"Dókítà, ẹ má bínú. Nígbà tá a wọlé, ẹ̀yin lẹ kí mi pé, 'Màmá, ẹ ti kún o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti yọ.' Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé ẹ wojú rẹ̀?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. N kò wojú rẹ̀.

Mo ká ìwé tí mo kọ wá kò. Mo sọ ohun tí n kò ní lọ́kàn láti sọ. Ọmọ ọlọ́bẹ̀ ilá yẹn, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà tá a ti ń bọ́ ọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè, inú mi dùn débi pé mo ní, "Háà, ara ti ń bọ̀ sípò!" Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi fi nǹkan kan sẹ́nu lẹ́yìn omi. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ ọ́: "Dókítà ní mo ti sanra." Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn, àmọ́ ohun tó gbọ́ nìyẹn.

Ara la fi ń kí ara wa. O ti rù o, ṣé kò sí? O ti sanra, owó ti wọlé nìyẹn! Ẹni tí kò bá rí ara rẹ kò fẹ́ràn rẹ. N kò sọ pé ìwà burúkú ni. Ìyá náà tún bi mí: "Kí la wá fẹ́ máa kí ọmọ?" Mo ní, màmá, Yorùbá mà la jẹ́! Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àbọ̀. Kò sí ẹran ara nínú ìkankan.

Alága na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ojú ewé mẹ́ta sì kù. Mo sáré kà á: ó ń ṣe ọkùnrin náà. Ẹni tó ń jẹ àjẹjù tó wá ń bì í, tí Gerald Russell kọ nípa rẹ̀ ní 1979, lè má rù rárá, àmọ́ èébì náà lè da iyọ̀ ara rú débi tí ọkàn fi máa dáwọ́ lílù dúró.  Ṣùgbọ́n èyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tó ti febi pa ara rẹ̀ pẹ́, ẹ má fi òkèlè ńlá kí i káàbọ̀. Phosphate, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, lè já wálẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ lílù dúró. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sọ bí oúnjẹ á ṣe máa pọ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, mo wá ìyá yẹn lọ. Páàkì méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọmọ, wọn kò tíì ṣí ìkankan. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọwọ́. Mo ní, "Ẹ kú ìdúró." Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá rẹ̀ gba nọ́ńbà mi. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀.