Bí Gáàsì Ṣe Ń Di Òkúta Lábẹ́ Òkun
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Òkúta méjì ló wà lórí tábìlì yìí. Èkíní jẹ́ òkúta líle bíi ti Olúmọ. Èkejì wá láti Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ha ojú méjèèjì, kí ó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn. Lórí èkíní, omi ọsàn kàn ṣàn sílẹ̀ ni. Ti Ewékorò hó, ìfófó wẹ́wẹ́ sì bo ojú ibi tí ó ha. Kábónéètì inú òkúta náà, ìyẹn èròjà tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, ló ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun tí kò jìn ló kóra jọ di òkúta Ewékorò, láàrin mílíọ̀nù 66 sí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn. Inú omi òkun ni àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti rí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi kọ́ ìkarahun wọn. Òkúta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí yóò hó bákan náà bí a bá fún ọsàn sí i, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni orísun rẹ̀: gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti wá.

Gáàsì yìí, tí mẹ́tééènì pọ̀ jù nínú rẹ̀, máa ń rú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà mìíràn tòun ti epo rọ̀bì. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun tó wà níwájú Niger Delta tiwa, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìyawọlẹ̀ omi Mẹ́síkò àti nínú Òkun Dúdú. Àwọn kan rò pé ńṣe ni epo náà gbẹ tó sì le bí ọ̀dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì kò lè dá sọ ara rẹ̀ di òkúta. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ wọn sì yà mí lẹ́nu títí dòní.

Nínú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn ọ́síjìn kò dé yẹn, oríṣi kòkòrò méjì ló jọ ń gbé. Ọ̀kan ń jẹ mẹ́tééènì. Èkejì ń lo sọ́féètì, ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ tó yòrò sínú omi òkun, bí àwa ṣe ń lo atẹ́gùn. Ní ọdún 2000, Antje Boetius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, láti inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó wà níwájú Oregon ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra: nǹkan bí 100 àwọn tó ń jẹ gáàsì wà láàrin, àwọn yòókù sì yí wọn ká bí èèpo ṣe ń yí ẹyin ká. Ohun méjì ló ń jáde nínú àjọṣe wọn. Èkíní ni gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Èkejì ni baikábónéètì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù gáàsì náà tó ti di ohun tó yòrò sínú omi, òun ló sì kàn wá.

Ẹni tó bá ń se omi kànga tó gba àárín òkúta sìmẹ́ǹtì kọjá á ti rí èépá funfun nísàlẹ̀ kẹ́tùrù rẹ̀. Nígbà tí baikábónéètì bá bá kálísíọ̀mù pàdé ju ohun tí omi lè gbà mọ́ra lọ, kábónéètì á jábọ́. Iná ló ń fa ti kẹ́tùrù. Nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò ni kò yéé tú baikábónéètì sílẹ̀, kálísíọ̀mù sì ti wà nínú omi òkun tẹ́lẹ̀. Kábónéètì náà á wọ àárín ẹrẹ̀, á so iyanrìn àti àfọ́kù ìkarahun pọ̀, títí yóò fi di pẹpẹ òkúta.

Níbi tí gáàsì bá ti ń tú jáde gidigidi, nítòsí ojú ilẹ̀ òkun ni yóò ti pàdé sọ́féètì, aragonite, irú kábónéètì kan tó dà bí abẹ́rẹ́ funfun tín-ín-rín, ló sì sábà máa ń hù níbẹ̀. Bí ó bá ń yọ díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n á ti pàdé, calcite, irú kábónéètì mìíràn, tí magnesium wà nínú rẹ̀ ni a ó sì máa rí. Nínú Òkun Dúdú, níbi tí omi ìsàlẹ̀ kò ti ní ọ́síjìn rárá, àwọn kòkòrò yìí jáde kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì mọ òpó òkúta tó ga tó mítà 4 sínú omi.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fún ọsàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, níwọ̀n ìgbà tí òkúta Ewékorò àti òkúta tó ti ara gáàsì wá jọ ń hó, báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ti Ewékorò kì í ṣe ọmọ gáàsì? Ìbéèrè tó dára ni. Kábọ́ọ̀nù kan fúyẹ́, òmíràn wúwo díẹ̀. Èyí tó wúwo ṣọ̀wọ́n nínú mẹ́tééènì, àìtó yẹn sì máa ń wọ inú òkúta tó bá tara rẹ̀ jáde, débi pé ó lè fi ìdá 30 sí 60 nínú 1,000 dín sí ti ìkarahun lásán. Ẹ̀rọ ló ń wọn ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbé awò asọǹkandi-ńlá lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó wo ibi tí ọsàn ti fọ̀ mọ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, “Ìkarahun ni, sà. Ìkarahun ló kún ibẹ̀.”