Kẹ́ ẹ Tó Pe Àwọn Tó Ń Gbẹ́ Borehole, Ẹ Mọ Irú Ilẹ̀ Tẹ́ ẹ Wà Lórí Ẹ̀

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ borehole la fẹ́ sọ lónìí, torí owó táwọn èèyàn ń dà sínú ihò tí ò lómi ti pọ̀ jù, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lọ́kàn pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ níbi gbogbo, pé téèyàn bá ṣáà ti gbẹ́ ẹ jìn, á kàn án. Rárá o. Inú àlàfo lomi máa ń wà, bóyá àlàfo àárín yanrìn, bóyá ibi tí àpáta ti sán, àwọn àlàfo yẹn sì gbọ́dọ̀ já síra wọn kómi tó lè rìn. Ẹ wo amọ̀, ó lè gba omi sínú ju yanrìn lọ, tẹ́ ẹ bá bù ú lọ́wọ́ ó máa rin gbingbin, àmọ́ kò ní jẹ́ kómi náà jáde torí àlàfo inú ẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Kànga tó bá parí sínú amọ̀, pọ́ǹpù á fa omi ẹ̀ gbẹ, ẹ ó wá máa dúró kó sun padà.

Níbi tó jẹ́ pé yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló to léra wọn, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀, torí ìpele yanrìn tí aládùúgbò yín ti ń rí omi sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ yín náà kọjá. Àmọ́ ibi àpáta líle bíi gíránáítì, haa, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Omi ibẹ̀ máa ń wà nínú ilẹ̀ tí àpáta ti jẹrà sí lókè, tàbí nínú ojú ibi tó ti sán nísàlẹ̀, ojú sísán yìí sì lè gba ilẹ̀ aládùúgbò yín kó má dé tiyín rárá, bẹ́ ẹ tiẹ̀ jọ pín ògiri. Bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń jìn sí i lojú sísán yẹn sábà máa ń pa dé, torí náà tí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ ká fi 20 mítà kún un", ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣe survey, ìyẹn àyẹ̀wò ilẹ̀, kí rig, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò, tó dé. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gún irin 4 mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, 2 tó wà níta á gbé iná wọlẹ̀, 2 tó wà láàárín á wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà ẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe ń sún àwọn ti ìta jìnnà síra ni wọ́n á máa mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ sí i. Amọ̀ kì í dènà iná púpọ̀, àpáta tí ò sán máa ń dènà ẹ̀ gan-an, èyí tó sán tómi wà nínú ẹ̀ á wà láàárín. Omi iyọ̀ náà kì í dènà iná o! Torí náà ẹni tó mọ jíólọ́jì, ìyẹn irú ilẹ̀ àti àpáta àdúgbò yẹn, ló yẹ kó ka nọ́ńbà, kì í ṣe ẹni tó kàn ní mẹ́sìn. Ẹni tó bá ní omi dájú 100%, ẹ sá fún un.

Tó bá kan ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, èmi ò ní kọ́kọ́ béèrè iye. Màá béèrè àwọn ibi tó ti gbẹ́ nítòsí, ohun tó bá níbẹ̀, àti àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ tún béèrè ẹ̀rọ tó fẹ́ lò: ibi yanrìn, omi tí wọ́n po bentonite, ìyẹn irú amọ̀ kan, mọ́ ni wọ́n sábà ń lò kí ihò má wó, ibi àpáta líle, hammer tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́ ni. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síwèé, ta ló máa ru owó ẹ̀ tómi ò bá sí?

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ dúró tì wọ́n. Erùpẹ̀ tó ń jáde, kí wọ́n máa bù ú ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò ó sílẹ̀. Ẹ máa rí i tó ń yí padà, ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà eruku àpáta tó gbẹ fúrúfúrú, tó bá wá ṣàdédé di òkúta wẹ́wẹ́ tó ní àwọ̀ ìpẹtà lára, tí eruku di ẹrẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kan ojú sísán nìyẹn. Kí wọ́n kọ mítà yẹn sílẹ̀ kíá, torí ibẹ̀ ni screen, ìyẹn páìpù tó ní ihò tín-ín-rín lára tómi ń gbà wọlé, máa kọjú sí. Wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ yí screen ká, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí òkè ihò kómi ìdọ̀tí má sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣalángá àti sọkawéè dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ kànga, wọ́n á fa omi fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà, èyí ló ń sọ pọ́ǹpù tó yẹ. Ẹ gbé omi lọ sí láàbù náà, pé omi mọ́ lójú ò ní kó má ní arsenic tàbí fluoride, àwọn kẹ́míkà tó lè ṣèpalára tí wọ́n bá pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí arsenic má ju 0.01 mg nínú lítà kan, kí fluoride má ju 1.5 mg.

Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo mítà yẹn sí, ibi tí screen wà, ibi tómi dúró sí, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.