Nígbà tí Ìfẹ́ Bá ń Di Tútù

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, níbikíbi tí ẹ bá wà lẹ́yìn odi. Nínú Mátíù orí 24, Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé wọn yóò gbúròó ogun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá burú. Ẹsẹ 12 ni a kì í sábà dúró lé lórí, èyí tí ó ní ìwà àìlófin yóò gbilẹ̀ débi pé ìfẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò di tútù. Lójú tèmi, àwa onígbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, nítorí ohun tí kò gbóná rí kò lè tutù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 2024, ní ìlú Southport, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ọ̀bẹ pa ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó. Kíá ni irọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé Mùsùlùmí tí ó wọkọ̀ ojú omi wá sá àsálà ni, bẹ́ẹ̀ ìlú Cardiff, ní Bìrìtéènì níbẹ̀ náà, ni wọ́n ti bí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú ya bo mọ́ṣáláṣí ìlú náà, wọ́n ń tú bíríkì ògiri, wọ́n sì ń sọ ọ́ lu ọlọ́pàá.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tan irọ́ náà kálẹ̀ ni ó ju bíríkì. Àwa náà kúkú mọ bí a ṣe ń fi irú rẹ̀ ṣọwọ́ sí ara wa lórí WhatsApp, tí a ó wá kọ “ìgbà ìkẹyìn rèé o” sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé òfin tí ó ní kí a má ṣe jẹ́rìí èké kò dórí fóònù. Wòlíì Hábákúkù náà rí i pé òfin ti dẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Southport, àwọn ará àdúgbò mú ìgbálẹ̀ jáde, àwọn bíríkìlà sì tún ògiri mọ́ṣáláṣí náà mọ. Jeremáyà 29:7 ní kí àwọn ìgbèkùn máa wá àlàáfíà Bábílónì, ìlú tí ó kó wọn lẹ́rú. Ní tiwa, ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀wọ̀n fà wá wá síbí. Nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún ilé, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ ìlú tí a ń gbé pẹ̀lú, àti ọlọ́pàá rẹ̀, àti adájọ́ rẹ̀, àti aládùúgbò tí kì í dá wa lóhùn bí a bá kí i.