Pè É Sókè: Bí A Ṣe Ń Tú Àrokò

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní Peckham, ní Houston, àti níbikíbi tí iṣẹ́ ajé gbé yín dé. Ọ̀rọ̀ àrokò ni mo gbé wá lónìí, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi nǹkan rán dípò ọ̀rọ̀ ẹnu: owó ẹyọ, òòyà, ata, èédú. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun fẹ́ràn àdììtú púpọ̀, ó sì ń dùn mí pé àdììtú àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n tú.

Tí wọ́n bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ àrokò fún wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń to àmì kalẹ̀ fún wọn láti há sórí: ẹyọ mẹ́fà ni ìfẹ́, òòyà ni ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó há a sórí báyẹn, ọjọ́ tó bá rí èyí tí wọn kò kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹnu ni a fi ń tú àrokò. Ẹ ní láti pè é sókè, ní Yorùbá, kí ohùn rẹ̀ sì péye.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìjẹ̀bú. Okùn kan tẹ̀ yín lọ́wọ́, owó ẹyọ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ yọ ẹ̀ tó wà níwájú kúrò, ó ku fà. Ọkàn mi ń fà sí ọ. Ìwọ náà, fà mọ́ mi. Bí ẹni tí a rán an sí bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi fèsì: ẹ̀jọ. Ẹ yọ ẹ̀ kúrò, ó ku jọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ jọ ti èmi náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀jọ tí a fi ń ka nǹkan, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ohùn àárín ló fi parí. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò níwájú adájọ́, àárín ló fi bẹ̀rẹ̀, òkè ló fi parí. Ejò inú igbó tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá já ìyàtọ̀ yìí á gbé ìdáhùn olólùfẹ́ kalẹ̀, á ní wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Bákan náà ni ẹ̀wá. Ó gbé wá sínú, torí náà ẹ lè fi ẹyọ mẹ́wàá pe ènìyàn wá sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní ẹ̀wà, ẹ̀wà jíjẹ ni.

Kí ẹ tó kà á rárá, ẹ má tíì já okùn. Àṣìṣe tó burú jù nìyí, nítorí bí àwọn ẹyọ ṣe kọjú síra wà lára iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ibi tó là, tí eyín wà, ni ojú ẹyọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibi tó wú, tí wọ́n máa ń lù kí okùn lè gbà á kọjá. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìbátan àti ìfẹ́ láti rí ara ẹni ni. Èyí tó kẹ̀yìn síra, ọ̀tá àti ìyapa. C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì tó pẹ́ láàárín wa, kọ nípa irú nǹkan báyìí nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn tí wọ́n tẹ̀ ní London ní ọdún 1885. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí ọwọ́ yín tó kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ẹni tó rán an. Ohun kan náà lè yàtọ̀ pátápátá bí ó bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Ẹyin odídẹ nínú igbá, bí ó bá ti ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè tó ń yan ọba, wá sí ọ̀dọ̀ Aláàfin ayé àtijọ́, ó ti tó fún un láti mọ̀ pé wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́ba, kí ó lọ kú. Kò sí ìró kankan nínú ẹyin tó lè sọ ìyẹn fún yín. Àṣà Ọ̀yọ́ ni ẹ máa mọ̀.

Òòyà ní tirẹ̀, ìró ló fi ń sọ̀rọ̀: yà, ká pínyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọmọ lórúkọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní òkè òkun, irú rẹ̀ náà lẹ ń ṣe. Orógbó wà níbẹ̀ kí ọmọ lè gbó. Obì wà níbẹ̀ kí ó lè bi ikú dànù. Ọmọ tí ẹ bá là á yé báyìí kò ní fi orógbó ṣeré mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àrokò ìgbèkùn kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kọlu ìlú Ìṣágà ní ọdún 1862, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Gollmer ló ròyìn pé ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló dì: òkúta, èédú, ata, àgbàdo gbígbẹ, àkísà. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò rí òkúta, yóò ní ìyà ni, tàbí ọkàn líle. Ẹ pè é ní Yorùbá ná. Kí ni òkúta ṣe? Ó le. Kí ni a máa ń sọ nípa ẹni tí kò ṣàìsàn? Ara rẹ̀ le. Ìròyìn ayọ̀ ni òkúta yẹn: mo wà láàyè, ara mi le. Ó kàn án láti sọ ìyókù. Iwájú mi ṣókùnkùn bí èédú. Ọkàn mi ń gbóná bí ata. Mo ti gbẹ bí àgbàdo. Aṣọ ọrùn mi ti di àkísà. Obìnrin yẹn kò nílò akọ̀wé. Ẹ wò ó bí ọkùnrin náà ṣe fi àlàáfíà ṣíwájú kí ó tó ka ìṣòro rẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí ara wọn náà nìyẹn.

Nítorí náà, bí nǹkan kan bá wà níwájú yín tí kò yé yín, ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó fara pamọ́ sínú orúkọ náà. Bí kò bá sí, ẹ bèèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe tàbí bí ó ṣe rí, kí ẹ wo àṣà ìsọ̀rọ̀ wa tó bá a mu. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ó di ọ̀rọ̀ àgbà ìlú.

Àwọn ọmọdé á gbádùn ẹnà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ń fi ẹnu sọ. Lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi g kún un, kí ẹ tún fáwẹ̀lì náà pè. “Mo fẹ́ lọ sílé” á di “Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ sígígí” — ẹ dúró, ẹ kíyè sí èyí: ẹni tó bá ń sáré máa ń pe g lẹ́ẹ̀mejì báyẹn, ó sì ti bàjẹ́. “Sígí légé” ló yẹ kó jẹ́. Ohùn sílébù náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e: fẹ́gẹ́, kì í ṣe fẹ́gẹ. Ẹni tó ń tú u, kó máa ju sílébù kejì nù.

Ní ti kóòdù tí a kọ sílẹ̀, lẹ́tà 25 ni ábídí wa ní, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan, kí ẹ sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ipò mẹ́ta. Bí ẹ bá dé y, ẹ padà sí a. “Gbogbo ilé” á di “jrjr log”. Ẹ má lo ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ábídí Gẹ̀ẹ́sì: á gé gb sí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fi ẹ, ọ àti ṣ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà, àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ tú u, kó wá ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. “Jrjr” yẹn lè jẹ́ gbogbo. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lè jẹ́ kíákíá. Òpin ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ̀lì ni tàbí n. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sùn ti ara wọn, àyàfi ibi tí èyí tó ṣíwájú bá jẹ́ n tàbí m. Ohùn ni kóòdù yìí kò gbé: bí ẹ bá tú u tí ẹ rí “ogun”, ṣé ogun jíjà ni, àbí ogún? Ẹ fi ìlà kejì sí i fún ohùn, dò, re, mí, bí onígángan ṣe ń gbọ́ ọ.

Ẹ mú bírò. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo kọ fún yín. Èkíní: e, f. Èkejì: o, i, d, s. Ohùn wọn: mí, lẹ́yìn náà re, re. Kì í ṣe ipò mẹ́ta ni mo sún wọn ní tèyí. Ọ̀rọ̀ kejì, n ló parí sí; ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ iye ipò náà. Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ ní kóòdù kan náà.