Owó Báńkì Kọ́ Lẹ Ó Fi Kọ́ Ilé Àyágbé ní Àbújá

Ẹ wo géètì yìí dáadáa. Lugbe la wà, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọgbà yìí, self-contain ni gbogbo wọn. Ìyá tó nilé, ọmọ Ìkìrun ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà Wuse. Kò yá kọ́bọ̀ ní báńkì. Ọdún méje ló fi kọ́ ọ, mo sì gbà pé òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ báńkì ná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù 20 náírà, kí èlé jẹ́ 30 nínú 100 lọ́dún. Èlé nìkan, mílíọ̀nù 6. Ká wá ní yàrá mẹ́rin yìí ń mú 600,000 náírà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, mílíọ̀nù 2.4 ni. Owó ilé ò tó èlé san, ká má tíì sọ ti mílíọ̀nù 20 tí ẹ yá gan-an. Ẹ ò sì tíì tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹ ò tíì kun yàrá tí ayálégbé kó kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá míì lè ṣófo fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ ó máa bọ́ ilé yẹn.

Níbo wá lowó ti ń wá? Ìyá yìí wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ti kó jọ, èlé rẹ̀ kì í sì í gúnni lára. Àjọ ọjà ló fi ra búlọ́ọ̀kù, owó ẹgbẹ́ ló fi ra páànù. Ní ti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú 100 owó oṣù yín sí NHF, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, Federal Mortgage Bank lè yá yín lówó tí èlé rẹ̀ kò tó 10 nínú 100. Àmọ́ ilé tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé ni owó yẹn wà fún. Ẹ fi kọ́ ilé tiyín, kí owó tí ẹ ń san fún lánlọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ wá di owó ilé àyágbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ra ilẹ̀ kan ní Kuje rí. Lẹ́tà tí ẹ̀jẹ́ǹtì gbé fún mi mọ́ tónítóní, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àní wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó. Ẹ̀yìn tí mo sanwó tán ni mo tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní AGIS, ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá wà. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí nọ́ńbà ilẹ̀ náà. Mo jókòó sínú mọ́tò mi, mi ò lè ṣíná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú wa Àbújá, kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí bíi tilé. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, Mínísítà FCT ló ń buwọ́ lu C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti kọjá Nyanya dé Mararaba, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà yẹn, ọ̀dọ̀ ìjọba wọn ní Lafia nìwé yín ti ń wá. Ẹ má sì jẹ gbèsè ground rent, owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa san fún ìjọba lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba FCT kéde pé àwọn ti gba ìwé ilẹ̀ 4,794 padà nítorí gbèsè yẹn, títí kan ti àdúgbò olówó bíi Maitama àti Asokoro.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó ti gba àṣẹ ìkọ́lé fún yàrá mẹ́fà, kí Development Control, àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní Àbújá, má baà wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára ògiri. Yàrá kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ parí. Ó fi í fún tíṣà kan, ó sì fi owó ilé yẹn gbé èkejì dìde, nígbà tí koríko ṣì ń hù nínú ìpìlẹ̀ àwọn yòókù. Ẹ wo igun ọgbà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn táǹkì omi: búlọ́ọ̀kù yàrá karùn-ún nìyẹn. Ó ní tí ayálégbé kejì bá ti sanwó tuntun, bíríkìlà á wọlé.