Senghenydd àti Ikú Ọ̀kọ̀ọ̀kan: Iṣẹ́ Èédú ní Gúúsù Wales

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ lónìí ni iṣẹ́ èédú ní gúúsù Wales, pàápàá ní abúlé Senghenydd, níbi tí ìjàǹbá tó burú jù lọ nínú ìtàn ìwakùsà Bìrìtéènì ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìjàǹbá ńlá yẹn gba gbogbo àkókò wa. Ikú tó pa awakùsà jù kọ́ ni ikú tí ìwé ìròyìn ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kú, bí wọ́n sì ṣe ń sanwó iṣẹ́ fún wọn wà lára ohun tó ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iná náà kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1913, aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán ni kòtò èédú tí wọ́n ń pè ní Universal bú gbàù. Àwọn bíi 950 ló wà nísàlẹ̀. Àwọn tó wà ní apá ìlà-oòrùn rọ́nà jáde. Apá ìwọ̀-oòrùn ni àjálù náà já lé. Òṣìṣẹ́ 439 ló kú, ẹnì kan lára àwọn tó wọlé lọ yọ wọ́n sì bá a lọ. Àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún tó 60 nínú wọn, mẹ́jọ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Obìnrin 205 di opó. Ọmọ 542 ni kò ní bàbá mọ́. Lóru, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti sọ ìrètí nù, wọ́n rí àwọn 18 kan tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Gáàsì kan wà tó máa ń jáde lára èédú, mẹ́téènì lorúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bó bá sì ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n kan, ìpẹ́pẹ́ iná kékeré ti tó o. Wọ́n fura pé ara agogo oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn nísàlẹ̀ ni ìpẹ́pẹ́ náà ti ta. Ṣùgbọ́n gáàsì nìkan kò lè pa tó bẹ́ẹ̀. Eruku ló gbé iná náà rìn. Eruku èédú ti bà sílẹ̀, ó ti bà sára ògiri àti sórí òpó. Ìbúgbàù àkọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dìde, iná rí ohun tuntun jẹ, ó sì ń ti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí iná kò kàn, afẹ́fẹ́ olóró tí iná fi sílẹ̀ lẹ́yìn ló pa wọ́n.

Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Inú kòtò yìí kan náà ni ìbúgbàù ti pa èèyàn 81 lọ́dún 1901, àwọn tó ṣèwádìí nígbà náà sì ti sọ̀rọ̀ eruku. Òfin ìwakùsà ọdún 1911 tún pàṣẹ pé fáànù ńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú kòtò gbọ́dọ̀ lè yí ọ̀nà atẹ́gùn padà, kí wọ́n lè fi lé èéfín kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Wọ́n dá ọjọ́ fún àwọn tó ni kòtò. Wọ́n tún sún ọjọ́ náà di oṣù Kẹsàn-án 1913. Oṣù Kẹsàn-án parí, wọn kò ṣe é. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni iná sọ. Ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ní ilé ẹjọ́, owó ìtanràn £24 ni wọ́n bu lé máníjà, Edward Shaw. Ká má parọ́ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ wọ kòtò lọ wá àwọn èèyàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀ san £10, pẹ̀lú owó ẹjọ́ tó jẹ́ £5 àti ṣílè márùn-ún. Àwọn ará ibẹ̀ jókòó ṣírò £24 yẹn: tí ẹ bá pín in káàkiri orí àwọn tó kú, ẹ̀mí kan jẹ́ ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan àti díẹ̀ lórí. Ẹni tó bá ṣì ní bàbá àgbà tó náwó ṣílè, kó lọ bi í léèrè ohun tí ìyẹn lè rà.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí iná. Ẹ wá gbọ́ èyí o. Lọ́dún 1913 yẹn, àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà káàkiri Bìrìtéènì lé ní 1,700. Ẹ yọ ti Senghenydd kúrò, ó ṣì ṣẹ́ ku ohun tó lé ní 1,200. Ta ló rántí ìyẹn? Nǹkan bí ìdajì irú ikú bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé òrùlé kòtò tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya lu èèyàn. Kẹ̀kẹ́ èédú tó ń sáré lójú irin náà pa tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé awakùsà kan wọlé. Láàárọ̀, yóò gba fìtílà rẹ̀ àti bàbà pélébé tó ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Yóò wọ àgò irin tí ẹ̀rọ ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀, ní Senghenydd ó ju ìdajì kìlómítà lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà yóò fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn dé ibi tí wọ́n pín fún un. Inú agolo ló kó búrẹ́dì àti wàràkàṣì rẹ̀ sí nítorí eku. Òun àti ọmọdékùnrin kan ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ bá fún pinpin, yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó tó lè fi díígà gé ìsàlẹ̀ èédú.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó? Àgbàṣe ni: iye tọ́ọ̀nù èédú tó bá gbé jáde ni owó rẹ̀. Èédú ńlá ni wọ́n ń kà o. Wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè kó o lọ tà, awakùsà kì í rí nǹkan gbà lórí rẹ̀. Òpó igi tó fi ń ti òrùlé ńkọ́? Òun náà ló ń gé e tó sì ń rì í, àkókò tó bá sì lò nídìí rẹ̀, àkókò tí kò fi gé èédú ni. Bí òkúta bá pọ̀ níbi tí wọ́n fún un, tàbí omi ń ro lé e lórí, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ láìsí ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fa ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá lọ́dún 1910 ní agbègbè Rhondda, kí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù tó dé lọ́dún 1912 lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ mìíràn. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí òrùlé ń ké lórí rẹ̀, tí ọmọ márùn-ún ń retí rẹ̀ nílé. Ṣé òpó ni kó rì ni, àbí kó kún kẹ̀kẹ́ kan sí i?

Wọn kì í ṣe aláìmọṣẹ́ o. Bí obìnrin ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà kó lè gbọ́ bóyá ó ti sán, bẹ́ẹ̀ ni awakùsà ń fi díígà kan òrùlé. Wọ́n tún fẹ́ràn òpó igi, torí igi máa ń ké kó tó dá. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní òkúta agogo. Kùkùté igi ayé àtijọ́ ni, tó ti di òkúta sínú òrùlé láti ìgbà tí èédú fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, òkè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì ń yọ̀, kò di ohunkóhun mú. Bí wọ́n bá ti kó èédú abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó lè já láìdún rárá.

Tó bá pa ẹnì kan, àṣà wọn ní gúúsù Wales ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà kí wọ́n sin òkú náà délé. Inú àwọn ọ̀gá kì í dùn sí i. Lẹ́yìn òfin ọdún 1897, ìdílé lè gba owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ ju £300 lọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé: kí ló dé tí wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Owó ni. Ó sàn ju owó oko lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń ti ìgbèríko Wales, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland rọ́ wá. Lọ́dún 1913, òṣìṣẹ́ tó lé ní 230,000 ló wú bíi mílíọ̀nù 57 tọ́ọ̀nù èédú ní gúúsù Wales. Òun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ayé ń jó. (Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ wọ̀nyẹn, àwọn kan fìdí kalẹ̀ sí Cardiff, ìlú èbúté ní gúúsù Wales.) Àwọn abúlé wọ̀nyí gan-an, kòtò ló bí wọn. Ẹni tó bá ní òun kò wakùsà mọ́ gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀ ni.

Obìnrin ilé náà ń ṣiṣẹ́ kòtò láìwọ kòtò. Ní ìgbà tí ibi iṣẹ́ kò tíì ní balùwẹ̀, dúdú ni ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin ń bọ̀ wálé, bóyá àkókò iṣẹ́ wọn kò tilẹ̀ papọ̀. Obìnrin ló ń gbé omi kaná lọ́sàn-án lóru, tó ń gbé ọpọ́n irin tí wọ́n fi ń wẹ̀ síwájú ààrò, tó sì ń gbọn eruku aṣọ náà nù. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ kò ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́.

Wọn kò tilẹ̀ ka àwọn tí eruku pa lórí ibùsùn wọn mọ́ 1,700 yẹn. Ọdún 1943 ni ètò owó ìrànwọ́ tó gbà pé eruku èédú ń ba ẹ̀dọ̀fóró awakùsà jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ àti mímí fúkẹ́fúkẹ́ yòókù dúró de ọdún 1998, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga dá ẹ̀bi fún ilé-iṣẹ́ èédú ìjọba. Títí di ọdún 2004 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìbéèrè, fọ́ọ̀mù tó wọlé láti gbogbo Bìrìtéènì lé ní ìdajì mílíọ̀nù, àwọn opó àti ọmọ òkú sì wà lára àwọn tó kọ ọ́.