Rọ́bà Pọ́ǹpù Omi: Ohun Àkọ́kọ́ Tẹ́ Ẹ Máa Tú Lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù

Ẹ káàárọ̀ o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù ò jẹ́ kí n sinmi mọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ni káwọn kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ má tíì ra ìjókòó tuntun. Ẹ tú pọ́ǹpù omi.

Ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú mi yìí, agbára ẹṣin 15 ni, ó ti lé ní ọdún 30. Mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti jí. Ẹ máa rí i.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Èèyàn lọ wo ọkọ̀ tó fẹ́ rà, ẹni tó ń tà á gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ igi lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó fà á, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe dùn tó!" Ohùn wo ló dùn níbẹ̀? Rọ́bà ló ń jóná yẹn! Omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ lára. Rọ́bà kékeré kan tó ní ìyẹ́ yípo ló ń fa omi ọ̀hún sókè, omi yẹn náà ni ò sì jẹ́ kó máa ha ara rẹ̀. Tí kò bá sí omi, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ má jí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Màá ṣì tún un sọ.

Ó yá. Ẹ yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, kó má lọ ṣèèṣì jí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tú àwọn bóòtì tó so ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó ń wọ inú omi, mọ́ òkè. Ọ̀pá jíà wà níbẹ̀, ẹ tú òun náà kẹ́ ẹ tó fa ẹsẹ̀ wálẹ̀. Bóòtì tó bá ti dípẹtà, ẹ má bá a ṣagídí. Ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá fi lè kán sínú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Ilé pọ́ǹpù rèé. Mo ti ṣí i. Ẹ wo rọ́bà yìí: ìyẹ́ mẹ́fà ló ní tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni mo rí. Ẹ máa kà á nígbà gbogbo! Ìyẹ́ tó já ò lọ ibì kankan, òkè ló lọ há sí, lójú ọ̀nà omi. Tẹ́ ẹ bá fi tuntun sí i láì wá àwọn tó já, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa gbóná, ẹ ó wá máa bú ẹni tó ta rọ́bà fún yín. Ẹ rí i? Méjèèjì rèé nínú páìpù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi fà wọ́n jáde.

Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ọ̀pá yìí, kò ju èékánná lọ, òun ló ń mú kí rọ́bà bá ọ̀pá yí. Á jábọ́. Inú koríko ló sì máa ń jábọ́ sí. Ọgbọ́n tèmi rèé: ẹ fi gírísì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó. Gírísì ṣíún báyìí ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa inú ilé pọ́ǹpù. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sórí rọ́bà tuntun, ẹ máa yí ọ̀pá síbi tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí, kí gbogbo ìyẹ́ lè tẹ̀ sápá kan náà. Bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni tèmi ń yí.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé ọ́ìlì alùpùpù lòun ń pò mọ́ pẹtiróòlù. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, dá a dúró. Atẹ́gùn ló ń tu ọ̀pọ̀ alùpùpù lára, omi ló ń tu tiwa. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kó o rà, àmì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí omi ń tu lára nìyẹn. Tí ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ bá ní 50:1, mìlílítà 20 ọ́ìlì fún lítà pẹtiróòlù kan. Tó bá ní 25:1, mìlílítà 40. Má méfò ó. Kó o sì gbé táǹkì bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ kó o tó rọ epo sí i, torí afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù wúwo, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ kó jọ sí de iná.

Ọ́ìlì jíà, kíákíá, torí òjò ti ṣú. Tó bá jáde funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀, síìlì ti lọ nìyẹn. Ihò ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fún tuntun wọlé títí á fi yọ lókè.

Mo ti dá ẹsẹ̀ padà. Ẹ rí i pé páìpù omi wọ àyè rẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ọ̀pá jíà padà.

Mo ti dá wáyà padà sórí púlọ́ọ̀gì. Dúrọ́ọ̀mù omi rèé, mo ti ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ bo àwo pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀. Jíà wà ní fíríì. Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Lójú omi, òun ni ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ yí padà wá gbá yín tẹ́ ẹ bá ṣubú. Mo ṣí ihò atẹ́gùn táǹkì, mo fún bọ́ọ̀lù epo títí ó fi le. Ṣóòkì. Mo fà á o...

Ó jí! Ẹ̀ẹ̀kan péré, mo sọ fún yín!

Ẹ má wo iwájú, ihò kékeré ẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Ó ń tọ̀! Bó ṣe yẹ kó ta jáde nìyẹn, bí okùn. Tí kò bá tọ̀, ẹ pa á, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò náà, ìdọ̀tí lè dí i. Ẹ wá jí i padà. Tí kò bá ṣì tọ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ padà sídìí páìpù. Mo fọwọ́ kan omi tèmi: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jóni.

Kí n tó pa á, ẹ fetí sí i díẹ̀. Ohùn tó dùn nìyí.